Ìpíndọ́gba kó bá wa: bí mo ṣe fi Excel mọ iye ọjà tó yẹ ká kó wọlé

Ọjà tiwa kì í ṣeé tà mọ́ tílẹ̀ bá ti ṣú. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, òfò ni. Ẹni tó ń bá wa ṣètò ìkówọlé fún wa ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: ká máa kó 40 lójúmọ́, torí pé 40 ni ìpíndọ́gba ohun tí àwọn oníbàárà ń béèrè. Àmọ́ owó tó ń wọlé kò fìgbà kan tó èyí tó wà nínú ètò yẹn, oníbàárà sì ń lọ lọ́wọ́ òfo. Ohun tó wá bí mi nínú jù ni pé àwọn tó ń tajà ni wọ́n ń dá lẹ́bi.

Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó ń tajà yìí kan náà ló ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ń fa ìlà sí fún gbogbo ẹni tó bá dé lẹ́yìn tí ọjà tán. Ìwé yẹn ló gbà mí. Nínú 100 ọjọ́, ọjọ́ 10 ni ìbéèrè wà ní 20, ọjọ́ 20 ní 30, ọjọ́ 40 ní 40, ọjọ́ 20 ní 50, ọjọ́ 10 ní 60. Ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ pín in, 40 náà ló já sí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó 40 kò lè ta 50 lọ́jọ́ tí wọ́n béèrè 50. Ọjọ́ tí ọjà kùtà ń fà wá sílẹ̀, ọjọ́ tí ọjà yá kò sì ráyè gbé wa sókè. Ohun tí èèyàn máa tà ní ìpíndọ́gba jẹ́ 36, kì í ṣe 40. Ọjọ́ 30 nínú 100 ni ẹnì kan máa bá òfo. Kí ló kan òǹtajà níbẹ̀?

Mo wá ní kí Excel máa fara wé ọjọ́ títà, ká lè dán iye tó yẹ ká kó wò. RAND() ló ń mú nọ́ńbà wá láìní ètò, VLOOKUP ló ń wá ìbéèrè tó bá nọ́ńbà náà mu nínú tábìlì. Bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n kò le, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Excel á mú nọ́ńbà kan wá láàárín 0 àti 1. Tí kò bá tó 0.10, ìbéèrè ọjọ́ yẹn jẹ́ 20, láti 0.10 títí tí kò fi tó 0.30, ó jẹ́ 30. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé 60. Ìlà kan, ọjọ́ kan. Ká ní a ra ẹyọ kan ní 2, a sì ń tà á ní 10. Owó ohun tó tà, ẹ yọ owó gbogbo ohun tí a kó kúrò níbẹ̀, èrè ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Mo ṣe ìlà 100 fún kíkó 40, mo ṣe ìlà 100 mìíràn fún kíkó 50. 50 ló borí. Mo lọ tún àkọlé òkè kọ, mo tẹ Enter, gbogbo nọ́ńbà yí pa dà, 40 ló tún wà níwájú. Mo tẹ F9, bọ́tìnì tó ń mú kí Excel tún ìṣirò ṣe, 50 tún gba iwájú. Gbogbo ìgbà tí Excel bá ti ṣírò ni RAND() ń mú nọ́ńbà tuntun wá. Mo gbé èsì lọ bá ọ̀gá wa, mo ṣí fáìlì lójú wọn, ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú bébà tí mo mú dání. Wọ́n wo bébà, wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n ní, “Èwo ni ká wá kó báyìí?”

A sanwó fún ẹnì kan láti kọ́ wa níṣẹ́ yìí, kò sì mẹ́nu ba èyí rárá! Nígbà tí mo pè é, ó ní kí n fi kún iye ìlà. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀nà yẹn wọ́n: kí àṣìṣe tó dín sí ìdajì, ìlà gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, kó tó dín sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ó di ìlọ́po 100. Fáìlì mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Tí mo bá tẹ Enter, mo dúró.

Ohun tó ń dà á rú ni pé ìyàtọ̀ tí a ń wá kéré. Tí èèyàn bá fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀, kíkó 40 ń mú èrè 280 wá lójúmọ́, kíkó 50 ń mú 290, kíkó 60 tún já sí 280. Ìyàtọ̀ 10 péré! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó kó 50 lè jèrè 100 lónìí, kó jèrè 400 lọ́la. Nínú ìlà 100, oríire nìkan tó láti gbé èyí tí kò dára lékè.

Ohun tó tú u ni pé mo jẹ́ kí 40, 50 àti 60 jọ dojú kọ ọjọ́ kan náà. Mo ṣe òpó ìbéèrè kan ṣoṣo, ìlà 10,000, mo dà á kọ, mo fi Paste Values, tó ń fi nọ́ńbà lásán rọ́pò ìṣirò, lẹ̀ ẹ́ pa kó má lè yí mọ́, ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń ka òpó yẹn. Ọjọ́ tó bá burú, ó burú fún gbogbo wọn. Ìyàtọ̀ láàárín 50 àti 40 wá hàn kedere: ọjọ́ tí ìbéèrè bá dé 50, a fi 80 jèrè jù, ọjọ́ tí kò bá dé bẹ́ẹ̀, a pàdánù 20. Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ní 1955, iléeṣẹ́ ìwádìí RAND ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé kan tí dígíìtì mílíọ̀nù kan wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀rọ mú jáde láìní ètò. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ojú ewé kan náà, nọ́ńbà kan náà ló máa bá níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lo Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, random.seed ló máa bá a ṣe é, kí nọ́ńbà kan náà lè máa jáde nígbà gbogbo.

Mo pa dà lọ bá ọ̀gá. Mo ní, “Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ F9, sà.” Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún un tẹ̀. Nọ́ńbà kankan ò mira. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́. 50 là ń kó báyìí.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é: ẹ má gbára lé ìwé títà nìkan. Ọjọ́ tí 40 bá tán lọ́sàn-án, 40 ni ìwé títà á kọ, kò ní sọ iye ẹni tó pa dà lófo. Ẹ ṣọ́ra fún NORM.INV náà, ìyẹn iṣẹ́ Excel tí wọ́n fi ń mú nọ́ńbà tó ń rọ̀gbà yí ìpíndọ́gba ká wá, tí ìbéèrè yín bá kéré, ó lè sọ fún yín pé oníbàárà béèrè -7. Iye tí ẹ ń ra ọjà, ẹ fi sínú sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ lókè. Tí 2 wa yìí bá di 3, 40 àti 50 á dọ́gba ní 240. Tó bá kọjá 3, 40 ló tún borí, òpó ìbéèrè kò sì ní yí pa dà rárá.