Bí mo ṣe wọ́gi lé tíkẹ́ẹ̀tì bàálù méjì: ti póìǹtì àti ti káàdì

Dókítà tó ń tọ́jú orúnkún Màmá mi ní UCH ní kí wọ́n má tíì jókòó pẹ́ nínú bàálù. Bí ìrìn-àjò wa sí Amẹ́ríkà ṣe yẹ̀ nìyẹn. Bọ̀dá mi tó wà ní Houston ló ra tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì: póìǹtì tí ilé-iṣẹ́ bàálù máa ń fún oníbàárà wọn, tí Bọ̀dá ti ń kó jọ, ni wọ́n fi ra ti Màmá, kírẹ́díìtì káàdì ni wọ́n fi ra tèmi. Èmi ni mo jókòó ní Bódìjà tí mo wọ́gi lé e, Bọ̀dá wà lórí WhatsApp, torí inú àkáǹtì wọn ni póìǹtì ti jáde, ibẹ̀ náà ló máa padà sí.

Ti Màmá ni mo kọ́kọ́ mú. Mo tẹ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, mo fi orúkọ ìdílé kún un, mo tẹ “Cancel”. Nǹkan méjì ló jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: póìǹtì tó máa padà, àti owó orí tí wọ́n fi káàdì san ní dọ́là. Tíkẹ́ẹ̀tì póìǹtì kì í ṣe ọ̀fẹ́ pátápátá. Mo fọwọ́ sí i, kí Bọ̀dá sì tó sọ pé ó dáa, póìǹtì ti wọlé, kò dín ẹyọ kan. Owó orí ló pẹ́ díẹ̀ kó tó yọjú.

Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ bàálù ló rí báyìí o. United àti American kì í gba owó kí wọ́n tó dá póìǹtì padà. British Airways ń gbà á, wọ́n sì fẹ́ kéèyàn ti wọ́gi lé e kó tó ku wákàtí 24 tí bàálù máa gbéra.

Tèmi gba sùúrù. Òfin Amẹ́ríkà fún èèyàn ní wákàtí 24 lẹ́yìn tó bá rà á láti gba gbogbo owó rẹ̀ padà, bí ìrìn-àjò bá ṣì ku ọjọ́ 7 ó kéré tán. Ìyẹn ti kọjá lára wa tipẹ́. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo yẹ aago ìgbéra wò. Láti 2024, bí ilé-iṣẹ́ bàálù bá sún ìrìn-àjò òkèèrè síwájú tàbí sẹ́yìn ní wákàtí 6 ó kéré tán, èrò tó bá kọ̀ ọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà. Wọ́n ti sún tiwa lóòótọ́, àmọ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yẹ èyí wò kí ẹ tó tẹ ohunkóhun.

Tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú ni tèmi, nítorí náà owó kò padà sórí káàdì. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lórúkọ mi kí n fi ra òmíràn. Orúkọ mi nìkan o: Bọ̀dá tó san owó kò lè lò ó, Màmá náà kò lè lò ó. Ọdún kan ló ní, ọjọ́ tí a ra tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí mo wọ́gi lé e. Mo ti bẹ Bọ̀dá pé póìǹtì ni kí wọ́n tún fi ra ti Màmá nígbà tí orúnkún bá gbà, kí n fi owó tó wà lórúkọ mi ra tèmi.