Físà Mòrókò àti Ìrìn Àjò Níbẹ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Wọ Bàálù

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo iye owó bàálù, ẹ kó ìwé yín jáde ná. Ìwé tó ti wà lọ́wọ́ yín ló máa sọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà rí físà Mòrókò. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nìkan kò lè mú yín wọlé, ẹ má sì rò pé ẹ máa gba físà nígbà tí ẹ bá dé pápákọ̀ òfúrufú wọn. Láti ilé lẹ ó ti gbà á, yálà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ní ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Mòrókò ní Àbújá. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ rí i pé oṣù mẹ́fà ṣì kù kí ìwé ìrìnnà yín tó kú, kí ojú ewé òfìfo sì wà nínú rẹ̀.

Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ló yá jù, àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ ní láti ti ní físà tó ń gba èèyàn wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti irú àwọn ibi bí Amẹ́ríkà, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà tàbí àwọn orílẹ̀-èdè Schengen (àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tí físà kan náà ń gba èèyàn wọ̀), tàbí kí ẹ ní káàdì ìgbé, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa gbé níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ máa wọ Mòrókò, físà náà gbọ́dọ̀ ṣì ní ọjọ́ 90 ó kéré tán, káàdì ìgbé sì gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ 180. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀: físà Schengen tó jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò wúlò fún èyí, èyí tó sì kù díẹ̀ kó kú kò wúlò.

Ojúlé ìjọba tí wọ́n ti ń ṣe é ni acces-maroc.ma. Owó rẹ̀ jẹ́ 770 dirham, ìyẹn owó ilẹ̀ Mòrókò, bí ẹ bá lè dúró fún wákàtí 72 iṣẹ́, 1,100 dirham bí ẹ bá fẹ́ ẹ láàárín wákàtí 24. Wákàtí iṣẹ́ ni wọ́n ń kà o, Sátidé àti Sọ́ńdè kò sí níbẹ̀. Àwọn ojúlé kan wà tó jọ ti ìjọba, tí wọ́n á gba owó tó ju èyí lọ kí wọ́n lè bá yín fi fọ́ọ̀mù kan náà ránṣẹ́. Ẹ ka àdírẹ́sì náà dáadáa kí ẹ tó fi káàdì báńkì sí i.

Orúkọ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Àwa tí à ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta, mẹ́rin, a máa ń fo ọ̀kan, tàbí ká fi orúkọ ìdílé sí àyè orúkọ àbísọ. Ẹ wo ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ojú ewé tí fọ́tò yín wà. Nínú ìlà àkọ́kọ́, lẹ́yìn lẹ́tà NGA ni orúkọ ìdílé ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí àmì bí orí ọfà bá ti tẹ̀ léra lẹ́ẹ̀mejì ló parí sí. Ìyókù jẹ́ orúkọ àbísọ. Bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá ń ya fọ́tò ojú ewé náà, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn, kí iná kámẹ́rà má sì bo lẹ́tà kankan.

Ẹni tí kò ní irú físà wọ̀nyẹn, Àbújá ló máa kọjú sí. Ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni fọ́ọ̀mù, fọ́tò, ìwé ìrìnnà àti ẹ̀dà rẹ̀, ètò bàálù àlọ àti àbọ̀, ibi tí ẹ máa sùn, lẹ́tà ibi iṣẹ́ àti àkọsílẹ̀ owó yín ní báńkì. Owó gọbọi tó já wọ àkáǹtì nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan máa ń mú ìfura wá. Owó oṣù tó ń wọlé déédéé, bó tilẹ̀ kéré, ló sàn jù. Bó bá jẹ́ pé ilé ẹnì kan lẹ ń lọ, kí onítọ̀hún mú lẹ́tà ìpè rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ àdúgbò rẹ̀ ní Mòrókò, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìfọwọ́sí rẹ̀. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà títí físà á fi tẹ̀ yín lọ́wọ́.

Físà orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà yín wọlé ẹ̀ẹ̀kan péré, fún ọjọ́ 30, láàárín ọjọ́ 180 tí wọ́n bá ti fún yín. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ìlú Ceuta àti Melilla wà létí òkun Mòrókò, àmọ́ Sípéènì ló ni wọ́n: bí ẹ bá wọbẹ̀ kẹ́ ẹ kàn lọ wòran, físà yín ti tán nìyẹn, ẹ ò sì ní lè padà sí ibi tí ẹ kó ẹrù sí. Ní ti Àlùjéríà, ẹnu ibodè ilẹ̀ wọn pẹ̀lú Mòrókò ti wà ní títì láti 1994, ẹ má fi orílẹ̀-èdè méjèèjì sínú ìrìn àjò orí ilẹ̀ kan náà.

Ẹ tẹ físà náà sórí ìwé. Ẹ mú físà tàbí káàdì ìgbé tí ẹ fi tọrọ rẹ̀ dání pẹ̀lú, torí àwọn òṣìṣẹ́ bàálù máa béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ wọlé. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní tirẹ̀ wúlò fún ìgbà tí ẹ bá ń padà sí Nàìjíríà. Ẹ fi dúróònù, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò lókè ya fọ́tò, sílé: kọ́sítọ́ọ̀mù Mòrókò máa ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìyọ̀ǹda.

Dirham kì í jáde kúrò nílùú ju 2,000 lọ, nítorí náà dọ́là tàbí yúrò tó mọ́, tí kò ya, ni kí ẹ mú lọ. Ẹ má gbójú lé náírà rárá. Ní pápákọ̀, ẹ pààrọ̀ ìwọ̀nba tó máa gbé yín dé ìlú, ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Ẹ béèrè owó wẹ́wẹ́ 20 àti 50, torí onítakisí kì í sábà ní ṣéńjì 200.

Láti pápákọ̀ Mohammed V ní Casablanca, ọkọ̀ ojú irin wà tó ń lọ sí ibùdókọ̀ Casa Voyageurs. Ẹ má ṣì í mú fún Casa Port, ibùdókọ̀ mìíràn, torí Casa Voyageurs ni Al Boraq, ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá tó ń sáré tó kìlómítà 320 ní wákàtí kan, ti ń gbéra. Ó ń lọ sí Rabat àti Tangier. Ọkọ̀ ojú irin gbogboogbò ń dé Marrakech, Meknes àti Fes. Kò dé Agadir, Essaouira tàbí Chefchaouen; bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ CTM ni kí ẹ wọ̀ lọ síbẹ̀, kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀.

Takisí oríṣi méjì ló wà. Takisí kékeré kì í jáde nílùú, kì í gbé ju èrò mẹ́ta lọ, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ tirẹ̀: pupa ni ti Casablanca, búlúù ni ti Rabat. Kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn, ẹ sọ fún awakọ̀ pé “compteur”, kó tan mítà. Bó bá kọ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀, òmíràn ń bọ̀. Lálẹ́, wọ́n ń fi ìdajì lé owó mítà, ìyẹn kì í ṣe jìbìtì. Takisí ńlá ló ń lọ láti ìlú sí ìlú. Ó ń dúró kó kún. Bí awakọ̀ bá rí àlejò, ó lè fẹ́ ta gbogbo ìjókòó fún un, ẹ kàn sọ pé ìjókòó kan lẹ fẹ́.

Ìlú àtijọ́ Fes ni ibi tí wọ́n ti ń tan àlejò jẹ jù. Ọmọkùnrin kan á ní ọ̀nà ti dí níwájú, á ní òun á mú yín gba ibòmíràn, ibi tí wọ́n ti ń ṣe awọ ni yóò sì já yín sí, lẹ́yìn náà ó di owó. Ọ̀nà kì í sábà dí. Talaa Kebira àti Talaa Sghira, òpópónà méjì tó gùn jù, jọ sọ̀kalẹ̀ láti ẹnubodè Bab Bou Jeloud ni, nítorí náà bí ẹ bá ṣìnà, ẹ wá ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ máa gòkè. Afinimọ̀nà tó gbàṣẹ ìjọba máa ń fi báàjì kọ́rùn.

Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò ní rí mọ́ṣáláṣí wọ̀, àfi Hassan II ní Casablanca, tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì láti mú èèyàn yí ká inú rẹ̀. Lọ́sàn-án Jímọ̀, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìlú àtijọ́ máa ń tì. Aago wọn bá ti Nàìjíríà mu, àyàfi nínú oṣù Ramadan tí wọ́n ń dá a padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣi àkókò bàálù bẹ́ẹ̀. Ihò iná wọn jẹ́ oníhò roboto méjì, ẹ mú ohun tí ẹ máa fi so pọ̀ mọ́ ṣájà yín dání. Ooru Marrakech ń kọjá ìwọ̀n 40 lórí Celsius ní Oṣù Keje àti Oṣù Kẹjọ, àmọ́ ní Oṣù Kìíní, òtútù Fes máa ń wọ eegun, ilé púpọ̀ kò sì ní ohun tó ń mú yàrá gbóná.

Nọ́ńbà ọlọ́pàá nínú ìlú ni 19, ti ọkọ̀ aláìsàn àti panápaná sì ni 15. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń padà, ẹ mú rìsíìtì tí ẹ tọ́jú nígbà tí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ owó dání, kí ẹ fi pààrọ̀ dirham tó ṣẹ́ kù kí ẹ tó kọjá ọ̀dọ̀ ìmígíréṣọ̀n.