Ẹ Má Kánjú Nínú Yìnyín: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ìrìn Igbó Ìgbà Òtútù

Ọdún 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèyàn jọ ní Blue Hills Reservation, lẹ́bàá Boston ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, láti fi ẹsẹ̀ rin inú igbó ní ọjọ́ kìíní ọdún tuntun. Nígbà tó fi máa di 2012, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 tó wà ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe é. First Day Hikes ni wọ́n ń pè é. Afinimọ̀nà á wà níwájú, á máa ṣàlàyé igi, ẹyẹ àti ipasẹ̀ ẹranko. Yàtọ̀ sí ti ọdún tuntun yìí, ọ̀pọ̀ ọgbà igbó àti iléèwé ní àwọn ìpínlẹ̀ tó tutù ló ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì níta gbangba títí yìnyín fi máa yọ́. Òbí Yorùbá tó bá gba ìwé ìkésíni rẹ̀ á kọ́kọ́ béèrè pé kí ni èèyàn fẹ́ rí nínú igbó tí gbogbo ewé rẹ̀ ti wọ́ dànù. Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń bí àṣìṣe tó tóbi jù, nítorí ẹni tó bá ti gbà pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, á kàn fẹ́ rìn ín parí kó sì padà sílé ni.

Màá padà sórí ìyẹn. Aṣọ ló kọ́kọ́ ń ba ọjọ́ náà jẹ́.

Jíǹsì àti ṣẹ́ẹ̀tì òwú ni ọ̀pọ̀ ń wọ̀ sábẹ́, wọ́n á wá gbé jákẹ́ẹ̀tì ńlá lé e. Òwú dára ní Ìbàdàn, torí ó ń fa òógùn mu. Nínú yìnyín, ohun kan náà ló sọ ọ́ di ọ̀tá: tó bá ti mu omi, kì í tètè gbẹ, á lẹ̀ mọ́ ara, á sì máa fa ooru ara jáde. Àwọn ìyá mìíràn tún máa ń wọ aṣọ bíi márùn-ún léra wọn fún ọmọ. Ọmọ á gun òkè díẹ̀, òógùn á bò ó. Nígbà tí afinimọ̀nà bá dúró láti fi nǹkan hàn wọ́n, òógùn yẹn á di omi tútù sí i lẹ́yìn. Èyí tó fara kan awọ, ẹ jẹ́ kó jẹ́ irun àgùntàn tàbí polyester. Èyí tó tẹ̀lé e, súwẹ́tà tó nípọn. Èyí tó wà lókè pátápátá, èyí tí atẹ́gùn kò lè gbà kọjá. Tí ara ọmọ bá ti móoru dáadáa níbi tí ẹ gbé mọ́tò sí, aṣọ ti pọ̀ jù nìyẹn, ẹ bọ́ ọ̀kan sínú báàgì. Ìbọ̀sẹ̀ méjì nínú bàtà tó fún mọ́ ẹsẹ̀ burú ju ìbọ̀sẹ̀ kan lọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè dé ọmọ ìka. Ìbọ̀wọ́ tó kó ìka mẹ́rin pọ̀ sójú kan sì móoru ju èyí tó yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀rọ̀ awọ ara wa tún wà níbẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ máa wo ibi tó pupa tàbí tó funfun, pé àmì òtútù tó ń jẹ awọ nìyẹn. Lára ọmọ dúdú, èyí kì í tètè hàn. Àwọ̀ ibẹ̀ lè kàn ṣá díẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú nìkan. Ẹ fi ọwọ́ kàn án: ṣé ó ti le, ṣé ọmọ náà kò mọ̀ pé ẹ fọwọ́ kan òun? Etí, imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọmọ ìka ni kí ẹ máa yẹ̀ wò. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ra á, ẹ má sì fi yìnyín pa á. Ẹ ki ọwọ́ náà bọ abíyá, kí ẹ sì pe afinimọ̀nà. Òrí tí a ń fi pa ojú ọmọ dára fún awọ tó gbẹ, ṣùgbọ́n kì í dí òtútù lọ́nà. Fìlà àti ìbòjú ló ń ṣe ìyẹn. Ọmọ tó ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́, tó ń fẹsẹ̀ kọ láìnídìí, ìgbóná ara rẹ̀ lè ti wálẹ̀ kọjá 35°C. Kì í ṣe àkókò láti sọ fún un pé kó ṣe bí ọkùnrin. Ẹ pe 911.

Àṣìṣe kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tiwa nìkan: fífi àìsàn pamọ́. Fọ́ọ̀mù á béèrè bóyá ọmọ ní àìlera kankan, a ó kọ pé kò sí, kí ayé má bàa gbọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí ọmọ bá jẹ́ SS tàbí SC, òtútù àti àìmu omi tó wà lára ohun tó ń fa ìrora fòní-kú-fọ̀la-dìde. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, kí ẹ sì sọ fún olùkọ́ láìbò ó mọ́lẹ̀. Ásímà náà nìyẹn; atẹ́gùn tútù tó gbẹ máa ń ru ú sókè, nítorí náà kí oògùn ìfàsímú wà nínú àpò abẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, níbi tí kò ti ní tutù.

Ẹni tó ṣe ìṣọ́ òru ọdún tuntun ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò sùn, tí kò jẹun, tó wá fẹ́ gun òkè láàárọ̀, wàhálà ló ń wá. Ọ̀pọ̀ ìjọ wa ló sì ń gba ààwẹ̀ lóṣù kìíní. Oúnjẹ ni ara ń sun láti fi móoru, omi náà sì ń lọ lára bí òùngbẹ kò tilẹ̀ gbẹni. Ẹ jẹ́ kí ààwẹ̀ parí ná. Blue Hills kò ní sá lọ.

Ó wá ku ìkánjú. Great Blue Hill kò ga ju mítà 194 lọ, nítorí náà kò sí ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ dé orí rẹ̀ fẹ́ fi yangàn. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa eèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀, igbó ìgbà òtútù sì nìyẹn. Yìnyín tó bá nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ń ṣe bíi kùbùsù fún ilẹ̀: bó ti wù kí òtútù òkè le tó, abẹ́ rẹ̀ kì í sábà tutù ju bíi 0°C lọ. Àlàfo tóóró á wà láàárín ilẹ̀ àti yìnyín, ibẹ̀ ni àwọn eku kéékèèké tí wọ́n ń pè ní vole ti ń la ọ̀nà tiwọn, tí wọ́n ń jẹ gbòǹgbò àti koríko. Òwìwí àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń gbọ́ ìró wọn láti òkè, wọ́n á sì bẹ́ lù wọ́n láìfojú rí wọn. Ìdí nìyí tí afinimọ̀nà fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ má yà kúrò lójú ọ̀nà. Tí ọmọ ogún bá ń sáré kiri, wọ́n á tẹ yìnyín náà mọ́lẹ̀, àlàfo á dí, òtútù á sì wọlé tọ àwọn eku wọ̀nyẹn.

Ipasẹ̀ náà kò fẹ́ ìkánjú. Ọmọ á rí àmì mẹ́rin, á ní ehoro ni. Olùkọ́ tó fẹ́ máa lọ á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kẹ́rẹ́ àti ehoro, àwọn méjèèjì ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn ń balẹ̀ síwájú ti iwájú. Ti ọ̀kẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sábà máa ń dọ́gba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti ehoro, ọ̀kan á wà lẹ́yìn ìkejì. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní tirẹ̀ á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ ojú ibi tí ti iwájú ti tẹ̀, ipasẹ̀ rẹ̀ á sì lọ tààrà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jiyàn rẹ̀ láàárín ara wọn kí ẹ tó sọ orúkọ ẹranko. Lójú tèmi, olùkọ́ tó ka orúkọ igi ogójì fún ọmọ láàárín wákàtí kan kò tíì kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Lára ọ̀pá òdòdó goldenrod tó ti gbẹ, ẹ ó rí kókó roboto. Ìdin eṣinṣin kan ló wà nínú rẹ̀, tí ara rẹ̀ lè dì gbagidi kó má sì kú. Tí ihò bá ti wà lára kókó náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àkókó ti wá jẹ ẹ́. Ẹ má já a lọ sílé o: ooru inú ilé á jẹ́ kó tètè di eṣinṣin, á sì jáde sí ibi tí kò sí òdòdó. Lábẹ́ ewé gbígbẹ nítòsí, àkèrè tí wọ́n ń pè ní wood frog lè wà níbẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ ti dúró, tí omi ara rẹ̀ ti dì. Ṣúgà tó kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń dáàbò bo ẹ̀yà ara rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi móoru. Ìyẹn ni kò ṣe dára kí ẹ máa yí igi tó wó padà, tàbí kí ẹ máa fi ọ̀pá gbá ihò igi wò bóyá ẹnì kan wà nílé. Ẹranko tí ẹ bá jí lójijì á fi ọ̀rá tó ti kó pamọ́ ṣòfò, kò sì sí ibi tó ti máa rí òmíràn.

Àánú tí kò bá ibi tó yẹ mu náà wà, bíi gbígbé àgbàdo lọ fún àgbọ̀nrín. Ẹ̀ka igi ni ikùn rẹ̀ ti mọ́ lára lásìkò yẹn. Àgbàdo púpọ̀ lójijì lè mú kí inú rẹ̀ kan, kó sì pa á.

Orí adágún kò gba àwàdà. Omi dídì tó mọ́ gaara gbọ́dọ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 kí èèyàn tó lè rìn lórí rẹ̀. Èyí tó funfun kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ibi tí omi ti ń ṣàn lábẹ́ kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé rárá. Ipasẹ̀ ẹlòmíràn tí ẹ rí lórí rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ má sì pẹ́ jù: ní oṣù Kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ ní Boston kó tó di aago mẹ́rin ààbọ̀, fóònù tí bátìrì rẹ̀ kún láàárọ̀ sì lè kú lójijì nínú òtútù.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í retí ni eégbọn. Ní Massachusetts, eégbọn ara àgbọ̀nrín tó ń gbé àrùn Lyme kiri kì í lọ sùn nítorí pé ìgbà òtútù dé. Ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá ti gbóná ju 0°C lọ, ó lè jáde. Tí ẹ bá délé, ẹ bọ́ aṣọ ọmọ, ẹ yẹ ẹ̀yìn etí, abíyá àti ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ wò. Tó bá ṣe pé ó dirun, ẹ wo àárín ìlà irun náà lọ́kọ̀ọ̀kan.