Ẹyin Sísè Tí Kì Í Jinná Bí A Ṣe Fẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Iná kan náà, ìkòkò kan náà, síbẹ̀ lónìí pupa ẹyin á gbẹ, lọ́la á máa ṣàn. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú? Tó bá jẹ́ látìgbà tí ẹ ti gbé omi tútù kaná ni, kò lè dọ́gba láéláé, torí omi púpọ̀ máa ń pẹ́ kó tó hó, iná gáàsì tó ti ń tán lọ náà kì í ṣe bíi ti èyí tó kún. Ẹ jẹ́ kí omi hó ná. Ẹ fi ṣíbí sọ ẹyin kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ dín iná kù díẹ̀, kí ẹ wá wo aago. Ní ìṣẹ́jú 6 sí 7, funfun ti dì, pupa ṣì ń ṣàn. Ní 8 sí 9, pupa á ki, àárín rẹ̀ á ṣì rọ̀. Ní 11 sí 12, ó ti le dénú. Bó bá tóbi gan-an tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fíríìjì jáde, ẹ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú kan kún un.

Tí àsìkò bá ti pé, inú omi tútù ni kẹ́ ẹ kó o sí lójú ẹsẹ̀. Ẹyin tó jókòó sínú omi gbígbóná ṣì ń jinná lọ lẹ́yìn tí ẹ ti paná. Lójú tèmi, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ jù.

Ìbéèrè: Mo ti kó lọ sí Jos. Ìṣẹ́jú tí mò ń lò l'Ékòó kò tó mọ́.

Ìdáhùn: Kò lè tó. Jos ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 ju òkun lọ, omi ibẹ̀ á ti máa hó ní nǹkan bíi 96°C, kì í ṣe 100°C. Ẹ fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un. Ẹ má wulẹ̀ fẹ iná sí i o, omi tó ti ń hó kì í gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Tí mo bá ń bó o, funfun á máa bá èèpo lọ.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ni. Funfun ẹyin tuntun máa ń lẹ̀ mọ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ èèpo. Bó bá ṣe ń pẹ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa gba àwọn ihò tíntìntín ara èèpo jáde, yóò sì rọrùn láti bó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra kíréètì lọ́dọ̀ olóko, ẹ kọ́kọ́ fi èyí tí ẹ máa sè sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Omi tó ti hó kẹ́ ẹ tó kó o sí i náà ń ṣèrànwọ́. Ìdí ẹyin tó fẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó o, nínú omi.

Ìbéèrè: Ṣé iyọ̀ ò ní jẹ́ kó sán?

Ìdáhùn: Rárá, kò lè dá sísán dúró. Iyọ̀ tàbí fínígà kàn ń mú kí funfun tó yọ jáde tètè dì ni. Kí ẹyin má bàa sán, ẹ gbé e kúrò nínú fíríìjì ṣáájú, ẹ má sì jẹ́ kí omi máa gbé e lu ara ìkòkò.

Ìbéèrè: Ẹyin inú mọ́ínmọ́ín mi máa ń ní àwọ̀ ewé yí pupa rẹ̀ ká. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Irin inú pupa àti imí ọjọ́ inú funfun ló pàdé, nítorí iná ti pọ̀ jù. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sè é! Ẹ yọ ọ́ ní ìṣẹ́jú 8 lákọ̀ọ́kọ́, kó ṣáà ti ṣeé bó. Iná mọ́ínmọ́ín á parí ìyókù. Àwọ̀ yẹn lè má lọ tán, ṣùgbọ́n á dín kù.

Ìbéèrè: Àbúrò mi ní London ní aláboyún lè jẹ ẹyin tí pupa rẹ̀ ń ṣàn.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, níbẹ̀. Láti 2017 ni àjọ Food Standards Agency, tó ń bójú tó ààbò oúnjẹ níbẹ̀, ti ní kò séwu nínú ẹyin tó bá ní òǹtẹ̀ British Lion, ìyẹn àmì kìnnìún tó ń fi hàn pé wọ́n ti fún adìyẹ tó yé e ní abẹ́rẹ́ àjẹsára salmonella. Ẹyin ọjà wa kò ní òǹtẹ̀ yẹn, kòkòrò salmonella, tó ń fa àìsàn, sì lè wà nínú rẹ̀. Fún aláboyún, ọmọdé àti arúgbó, ẹ sè é kó le: ìṣẹ́jú 12.