Onílàjà àti ẹ̀rọ: bí iṣẹ́ ṣe lè gbòòrò láìjẹ́ kí àṣírí jò

Ọjà kan ṣoṣo ni onílàjà ń tà: ìfọkàntán. Ẹni tí inú ń bí yóò tú ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀ fún yín, torí ó dá a lójú pé ẹni tó ń bá a jà kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ẹ̀rọ lè jẹ́ kí ẹ parí ìjà àwọn tó wà ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó sì lè tú àṣírí wọn láàárín ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, kí ẹ tó gba áàpù kankan sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ta ni yóò rí ohun tí mo bá fi síbẹ̀? Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ ń bọ̀.

Kí ẹjọ́ tó wọlé

Ìdáhùn tó pẹ́ ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ onílàjà jù. Agbẹjọ́rò lè kọ̀wé sí onílàjà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fún un lọ́jọ́ ni yóò gbé e lọ. Ẹ ṣe fọ́ọ̀mù kékeré sórí ìkànnì yín, Google Forms tàbí Microsoft Forms tó fún un, kí ẹ sì máa dáhùn kí ọjọ́ iṣẹ́ kan tó kọjá.

Ohun mẹ́rin péré ni kí fọ́ọ̀mù náà béèrè: orúkọ gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, orúkọ agbẹjọ́rò wọn, ilé-iṣẹ́ tó so mọ́ wọn, àti irú ìjà tó jẹ́, bóyá ogún ni, tàbí okòwò, tàbí ìkọ̀sílẹ̀. Ẹ má fi àyè sílẹ̀ fún ìtàn. Tí ẹnì kan bá ti ro ẹjọ́ rẹ̀ fún yín tán, tí ẹ wá rí i pé oníbàárà yín àtijọ́ ni ẹnì kejì, ẹ ti gbọ́ ohun tí kò yẹ kí ẹ gbọ́, ẹ ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láìlè sọ ìdí. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, làwọn àgbà wí. Onílàjà tó gba ìtàn kó tó yẹ orúkọ wò ti ń rìn lọ síbẹ̀.

Spreadsheet kan tó fún yíyẹ orúkọ wò: nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ, orúkọ mìíràn tí ẹni náà ń jẹ́, ilé-iṣẹ́, agbẹjọ́rò, ọdún. Ẹ fi orúkọ ìdílé nìkan wá a, kí ẹ tún fi orúkọ tí obìnrin ń jẹ́ kó tó lọ́kọ wá a. Lẹ́tà kan tó yí padà ti tó láti fi orúkọ pamọ́ fún kọ̀ǹpútà.

Ní ti ọjọ́ ìpàdé, áàpù bíi Calendly ń fi àkókò han kálukú bó ṣe jẹ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sílẹ̀ láàárín ìpàdé kan àti òmíràn, torí ìlàjà kì í parí lásìkò tí a dá fún un. Bí wọ́n bá wà ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kọ àkókò UTC, aago kan tí gbogbo ayé jọ ń wò, mọ́ ọn: àwọn ilẹ̀ kan ń yí aago wọn padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, gbogbo wọn kì í sì í yí i lọ́jọ́ kan náà. Kí ẹ sì ṣọ́ orúkọ tí ẹ ń kọ sínú kàlẹ́ńdà. “Ìlàjà Lágbájá àti Tàmẹ̀dù” yóò yọ lójú fóònù tí ẹ gbé kalẹ̀ sórí tábìlì, yóò sì yọ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fi ojú kọ̀ǹpútà yín han ẹlòmíì. “Ẹjọ́ 014” tó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pe ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí fóònù lọ́tọ̀, fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú. Ẹ bi í bóyá òun nìkan ló wà níbi tó wà, àti bóyá ẹ̀rù ẹnì kejì ń bà á. Níbi tí lílù ti wọ ọ̀rọ̀, ẹ má rò pé fídíò ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó ń lu èkejì lè wà ní yàrá tó kàn. Ẹ bá a fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ kan tó bá fẹ́ kí ẹ dá ìpàdé dúró. Bó bá ti sọ ọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí ẹ dá lẹ́bi, ẹ má dárúkọ rẹ̀.

Ètò yàrá ìpàdé

Zoom ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Microsoft Teams àti Google Meet náà ní yàrá tí a lè pín ènìyàn sí. Ẹ wọ ìkànnì Zoom fúnra rẹ̀ láti tún ètò ṣe, torí púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sí nínú áàpù. Ẹ pa gbígba ìpàdé sílẹ̀, ti orí kọ̀ǹpútà àti ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ pa ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí àwọn tó wà nípàdé lè máa kọ síra wọn. Ẹ pa ohun èlò AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá) tó ń ṣe àkópọ̀ ìpàdé. Ẹ ṣí yàrá ìdúró sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọlé láìjẹ́ pé ẹ gbà á wọlé, kí ẹ sì lo nọ́ńbà tuntun fún ìpàdé kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń lo nọ́ńbà kan náà, oníbàárà ọjọ́ Ajé lè já wọ ìpàdé ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Bí ẹ bá rí orúkọ tó ní “Notetaker” nínú yàrá ìdúró, ẹ̀rọ AI tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹnì kan ni. Ẹ má ṣílẹ̀kùn fún un. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó ni ín kì í mọ̀ pé ó ń tẹ̀ lé òun, torí ó ti so ó mọ́ kàlẹ́ńdà rẹ̀ nígbà kan rí. Èyí ni jíjò àṣírí tó ń kọ mí lóminú jù lọ báyìí, nítorí kò sẹ́ni tó ní ìkà nínú.

Àdéhùn tí gbogbo wọn ń buwọ́ lù kí ìlàjà tó bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí ní kedere: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gba ohùn tàbí àwòrán sílẹ̀, ìbáà ṣe fóònù ni; kálukú yóò sọ gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀, títí kan ẹni tí kámẹ́rà kò rí; bí íntánẹ́ẹ̀tì ẹnì kan bá já, a ó dúró ìṣẹ́jú 10, a ó pè é lórí fóònù, a kò sì ní sọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà títí yóò fi padà dé.

Ní ti irinṣẹ́: ojú kọ̀ǹpútà méjì, ọ̀kan fún àwọn ènìyàn, ọ̀kan fún ìwé. Ẹ fi wáyà so íntánẹ́ẹ̀tì, kí ìyára rẹ̀ má dín sí 5 Mbps ní lílọ àti bíbọ̀. Ẹ fi fóònù yín náà wọ ìpàdé lórí dátà tirẹ̀, ẹ fi í ṣe igbákejì olùdarí, ẹ pa ohùn rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá kú, ìpàdé ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ní ọjọ́ kan sí méjì ṣáájú, ẹ fi ìṣẹ́jú 15 dán an wò pẹ̀lú ẹnì kọ̀ọ̀kan: kó mọ bí a ṣe ń pa ohùn àti bí a ṣe ń tún orúkọ kọ, kó sì wọ yàrá ìkọ̀kọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Nínú yàrá ìkọ̀kọ̀

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. Zoom ń pe àwọn yàrá yìí ní breakout rooms. Ẹ fọwọ́ ara yín pín àwọn ènìyàn, kí wọ́n má lè yan yàrá fúnra wọn. Mẹ́ta sábà máa ń tó: ọ̀kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kẹta fún ẹ̀yin àti àwọn agbẹjọ́rò. Ẹ pè é ní “Yàrá 1”, “Yàrá 2”. Orúkọ bíi “Ajẹgbèsè” ti dá ẹjọ́ tán.

Bí ẹ bá wọ yàrá, kò sí ilẹ̀kùn tí ẹ kàn. Wọ́n lè wà lẹ́nu iye tó kéré jù tí wọ́n máa gbà, kí ẹ kàn yọ sí wọn. Ẹ tètè kígbe “àgò o”, kí ẹ dúró kí wọ́n dáhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ ka orí: ẹ ṣí àkójọ orúkọ, mélòó ló yẹ kó wà níbí, mélòó ló wà? Ìgbà tí ẹ bá ti kà á tán ni kí ẹ tó la ẹnu. Ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ já tó sì padà wọlé lè bọ́ sínú yàrá tí kì í ṣe tirẹ̀ bí ẹ bá fi ìkánjú pín in.

Kí ẹ tó jáde, ẹ bi wọ́n pé, “Nínú gbogbo ohun tí a sọ yìí, èwo ni mo lè gbé lọ?” Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé tó pín sí méjì: èyí tí ẹ lè gbé lọ lápá kan, èyí tó gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀ lápá kejì. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin tí ẹ ti ń lọ tí ẹ ń bọ̀, orí nìkan kò lè dá wọn mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fi broadcast ránṣẹ́ máa ń dé gbogbo yàrá, ẹ má fi í sọ ohun tó kan ẹgbẹ́ kan. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì ìjáde, ẹ ka ohun tó bá yọ: kíkúrò nínú yàrá àti pípa gbogbo ìpàdé wà lójú kan náà.

Ẹni tó ń dúró ń gbóná. Ogójì ìṣẹ́jú lójú fídíò tó dákẹ́ jìnnà ju ogójì ìṣẹ́jú ní ọ́fíìsì lọ, ó sì máa ń rò pé ẹ ti ń gbè sẹ́yìn ẹnì kejì. Ẹ yọjú sí i láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí ẹ sì fún un níṣẹ́ ṣe, bíi kó to ohun tó ń béèrè ní bó ṣe ká a lára sí.

Ìwé àdéhùn

Google Docs kì í gbàgbé. Ká ní ẹ kọ “mílíọ̀nù mẹ́jọ” sínú ìwé nígbà tí ẹ wà ní Yàrá 1, ẹ pa á rẹ́, ẹ kọ “mílíọ̀nù méjìlá”, ẹ wá fún Yàrá 2 láṣẹ láti tún ìwé náà kọ. Bí wọ́n bá ṣí version history, ibi tí gbogbo àtúnṣe ìwé wà, mẹ́jọ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àkókò tí ẹ kọ ọ́. Nítorí náà, ìwé tí ẹ fi ń ronú yàtọ̀ sí ìwé tí ẹ ń fi hàn. Ẹ ṣẹ̀dá tuntun, ẹ da ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn sínú rẹ̀, tàbí kí ẹ fi PDF ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ Word, ẹ lo Inspect Document, tó ń wá ohun tó fara pamọ́ sínú ìwé, kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n buwọ́ lù ú lórí DocuSign tàbí Adobe lọ́jọ́ náà gan-an, kí ilẹ̀ tó mọ́ tí ọkàn yóò fi yí padà. Ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí tó ń fi ẹni tó buwọ́ lù ú àti àkókò rẹ̀ hàn. Fún okòwò tó kọjá orílẹ̀-èdè kan, Àdéhùn Singapore lórí ìlàjà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, gba ìbuwọ́lù orí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ẹ̀rí pé inú ìlàjà ni àdéhùn ti wá. Ẹ fi àyè ìbuwọ́lù tiyín kún un. Ọ̀rọ̀ ẹbí, ogún àti iṣẹ́ oṣù kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Títọ́jú àti pípa rẹ́

Ẹ fi BitLocker (ti Windows) tàbí FileVault (ti Mac) ti kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó bá jí i má lè ka ohun inú rẹ̀, kí ẹ fi ìgbésẹ̀ kejì kún ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ímeèlì. Fóldà ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá dúró, kí ó sì jẹ́ pé orúkọ ímeèlì ni ẹ fi ń ṣí i, kì í ṣe líǹkì tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀. Gmail máa ń parí orúkọ fún yín bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni lẹ́tà ti ń ṣìnà. Ẹ fi Undo Send sí ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ má da ọ̀rọ̀ oníbàárà sínú áàpù AI tí gbogbo ayé ń lò. Ẹ lè fi í ṣe ètò ìpàdé tí kò lórúkọ nínú.

Kí iṣẹ́ lè tàn ká, ẹ kọ̀wé lórí irú ìjà tí ẹ mọ̀ jù, ẹ má kọ nípa ẹjọ́ tí ẹ ti parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ yọ orúkọ kúrò. Pé ẹnì kan tiẹ̀ wá sí ìlàjà lè jẹ́ àṣírí rẹ̀, nítorí náà ẹ gba àṣẹ ní ìwé kí ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ ìyìn rẹ̀ síta. Ìbéèrè mẹ́ta tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ìpàdé ti tó: ṣé a gbọ́ yín, ṣé ẹ̀rọ dí yín lọ́wọ́, ṣé ẹ ó padà wá?

Ẹ kọ ọjọ́ tí àkọsílẹ̀ yín yóò parẹ́ sínú àdéhùn ìbẹ̀rẹ̀, bí òfin ibi tí ẹ wà bá ṣe gbà á. Ìwé àdéhùn àti orúkọ fún yíyẹ̀wò ló ń kù. Àpò ìdọ̀tí (Trash) Google Drive kì í sọ fáìlì nù tán àfi lẹ́yìn 30 ọjọ́, nítorí náà ẹ dà á nù fúnra yín, kí ẹ tún wo fóldà Downloads lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù. Ibẹ̀ ni ẹ̀dà ìwé tí a ti gbàgbé máa ń sápamọ́ sí.