Bí A Ṣe Ń Tún Ilé Gíà Katakata Kékeré Tó Ti Là Ṣe

Bí ọ́ìlì bá ń kán lábẹ́ katakata, síìlì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ fura sí. Wọn á rọ ọ́ìlì míì sí i, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá nu abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí ẹ sì rí i pé ara irin gan-an ni ọ́ìlì náà ti ń sun jáde, ilé gíà ló ti là yẹn. Ẹ má fi ṣeré.

Ọ̀pọ̀ katakata kékeré kò ní ṣaṣí, ìyẹn férémù irin abẹ́ ọkọ̀, bíi ti mọ́tò. Láti ìgbà tí Henry Ford ti gbé Fordson Model F jáde lọ́dún 1917 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ń de ẹ́ńjìnnì, ilé kílọ́ọ̀sì, ilé gíà àti ilé ásù ẹ̀yìn mọ́ ara wọn, tí àwọn irin wọ̀nyí fúnra wọn á wá di egungun ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni Massey Ferguson 35 àtijọ́ rí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ Kubota, Yanmar àti Iseki tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe ní Japan. Ilé tó gba ọ́ìlì dúró yìí kan náà ló so ẹ́ńjìnnì iwájú mọ́ ohun ìtúlẹ̀ ẹ̀yìn, gbogbo agbára tó bá fẹ́ ṣẹ́ ọkọ̀ náà láàárín, ara rẹ̀ ló ń gbà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá àwọn tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ lásán jà.

Kí ló là á?

Ẹ wá èyí kí ẹ tó ronú kan wẹ́dà. Ibi tí irin ti là máa ń sọ ohun tó ṣe é. Bí ìlà náà bá bẹ̀rẹ̀ láti ojú ihò bọ́ọ̀tì, níbi tí ilé kílọ́ọ̀sì àti ilé gíà ti pàdé, bọ́ọ̀tì tó tú ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀kan á tú, ẹnikẹ́ni ò ní rí i, àwọn tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹrù rẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń gun ebè tó ń sọ̀ kalẹ̀, ojú irin méjèèjì á máa ṣí, á máa pa dé, títí etí kan á fi ṣẹ́. Ẹ ó rí àmì rẹ̀: ihò bọ́ọ̀tì tí kò rí róbótó mọ́, ojú irin tó ń dán níbi tó ti ń ha ara wọn, àti èérí pupa bí ìpẹtà létí ibẹ̀. Katakata tí wọ́n de ọwọ́ ìkó-yẹ̀pẹ̀ mọ́ níwájú, láìsí irin tó gùn dé ásù ẹ̀yìn láti bá a gbé ẹrù náà, máa ń là níbí kan náà.

Bí ó bá jẹ́ ihò ló lù sára ògiri, tí etí ihò náà yọ síta, eyín gíà kan ló ṣẹ́ tó bọ́ sáàárín gíà méjì. Ẹ ò ní ṣe ìyẹn láìpààrọ̀ gíà. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀yìn ló là, nítòsí ibi tí àwọn apá ìgbéga so mọ́, ó ṣeé ṣe kí ohun ìtúlẹ̀ ti kọ́ kùkùté igi. Èyí wọ́pọ̀ ní oko tuntun tí wọ́n kàn gé igi ibẹ̀ láìhú gbòǹgbò.

Ohunkóhun tó wù kó jẹ́, ẹ mú un kúrò. Tí ẹ ò bá mú un kúrò, ojú ibi tí ẹ jó á dúró digbí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni á wá là.

Irin wo ló jẹ́?

Ẹ fi dírílì tó tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò kékeré níbi tí kò ní ṣèpalára. Irin kásì, ìyẹn irin tí wọ́n yọ́ dà sínú àwòṣe, máa ń jáde bí ìyẹ̀fun dúdú. Irin lásán máa ń jáde ní ìká, ó ń lọ́ bí ó ṣe ń gùn. Bí mágínẹ́ẹ̀tì kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, alumíníọ̀mù ni, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ alumíníọ̀mù jó. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò bá a mu.

Ọ̀pọ̀ ilé gíà àtijọ́ jẹ́ kásì. Kábọ́ọ̀nù inú kásì tó nǹkan bí ìdá 2.5 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí sì pọ̀ ju ti irin lásán lọ dáadáa. Bí iná bá gbóná mọ́ ojú kan tí ojú náà sì tutù kíákíá, ibẹ̀ á le gbagidi, á sì máa ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ wẹ́dà ló ń fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀dù (ọ̀pá irin tí iná wẹ́dà ń yọ́) tí wọ́n fi ń jó gééètì jó kásì. Ẹ ó gbọ́ ìró "pà!" bó bá ń tutù. Ó ti là nìyẹn.

Títú u

Ẹ gbé ọkọ̀ náà sórí kọnkéré tó tẹ́jú. Ẹ yọ okùn bátìrì. Ẹ fa ọ́ìlì nígbà tó ṣì gbóná díẹ̀, kí ẹ sì ti mágínẹ́ẹ̀tì bọ inú rẹ̀, nítorí irin wẹ́wẹ́ tó bá lẹ̀ mọ́ ọn á sọ bí inú ṣe rí fún yín kí ẹ tó ṣí i.

Ibi tí jàǹbá ti máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí: ásù iwájú katakata máa ń mì sọ́tùn-ún sósì lórí píìnì kan ṣoṣo. Bí ẹ bá pín ọkọ̀ sí méjì láìkọ́kọ́ fi igi sára ásù náà lọ́tùn-ún lósì, ẹ́ńjìnnì á dà wó. Ẹ fi igi sí i kó le. Ẹ wá fi irin ìgbọ́kọ̀dúró sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi òmíràn sábẹ́ ilé gíà. Jáàkì nìkan kò tó, bó ti wù kó tóbi tó. Ẹ fi fóònù ya gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́, kí ẹ sì fi bọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan sínú páálí ní ibi ihò rẹ̀, torí gígùn wọn kì í dọ́gba.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń jó o lórí ọkọ̀ láìtú u. Ọ́ìlì inú á máa sun wá sójú ibi tí wọ́n ń jó, iná wẹ́dà sì lè gba inú bíárìn kọjá, kó bà á jẹ́. Ẹ kó gíà, bíárìn àti síìlì jáde, kí ilé náà ṣófo.

Fífọ̀ ọ́ àti wíwá òpin ìlà

Ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná tẹ̀ lé e, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Àwọn oògùn ìfọ-bíréèkì inú agolo kan ní kílóríìnì nínú. Bí iná wẹ́dà bá kan kílóríìnì yẹn, ó lè di afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní phosgene, tó ń pa ènìyàn. Ẹ má fi í fọ ohun tí ẹ fẹ́ jó rárá.

Ìlà tí ojú rí kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa kẹrosíìnì sí i nínú àti lóde, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú ogún, kí ẹ wá nù ún gbẹ. Ẹ lọ ṣọ́ọ̀kì kúnná, ẹ pò ó mọ́ sípíríìtì, kí ẹ fi kun ibẹ̀. Bí ó bá gbẹ tán, kẹrosíìnì tó sá sínú ìlà á sun jáde, ẹ ó sì rí ibi tí ìlà náà dé gan-an, ó sábà máa ń gùn ju ohun tí ẹ rò lọ. Ẹ fi píọ́ǹṣì sàmì síwájú òpin rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ lu ihò mílímítà 3 níbẹ̀. Ihò yìí ni kò ní jẹ́ kí ìlà náà tún máa rìn.

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà

Gọ́ọ̀mù irin alápò-méjì, irú èyí tí wọ́n ń pò mọ́ra, dára níbi tí kò ti gbé ẹrù: ìdérí tó ń jò, tàbí ihò kékeré lára ògiri tó jìnnà sí bọ́ọ̀tì. Nítòsí ihò bọ́ọ̀tì, owó yín ló ń ṣòfò.

Fífi idẹ jó o ni ọ̀nà àtijọ́, ó sì tún ṣiṣẹ́ dáadáa bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá fi iná kábáìdì àti bóráksì, ìyẹ̀fun tó ń jẹ́ kí idẹ lẹ̀, ṣe é. Kásì náà kò ní yọ́, idẹ nìkan ló ń yọ́ tó ń lẹ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ gbogbo ilé náà gbọ́dọ̀ gbóná ṣáájú, kó sì tutù díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nínú yanrìn gbígbẹ tàbí eérú, mọ́jú.

Ọ̀nà kẹta kò lo iná rárá: wọ́n ń lu ihò tẹ̀ léra wọn lórí ìlà náà, wọ́n ń fi táàpù, irin tó ń gé okùn bọ́ọ̀tì sínú ihò, gé okùn sí wọn, wọ́n sì ń yí píìnì sínú rẹ̀, kí ọ̀kan jẹ sí ara ìkejì. Bí mo bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, òun ni mo máa gbé e fún, torí kò ní fa irin náà lọ́. Ó ṣọ̀wọ́n ládùúgbò wa.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa lè rí ṣe ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀dù níkẹ́ẹ̀lì, òun ni màá sì ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n bí ìlà náà bá ti wọ ibi tí bíárìn jókòó sí, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ wá ilé gíà àlòkù, ní Òwódé Onírin tàbí Ladipo ní Èkó, kí ẹ sì mú nọ́ńbà tó wà lára kásì yín dání, torí katakata méjì lè jọra lóde kí inú wọn má dọ́gba.

Jíjó o

Ẹ fi gíráńdà la ojú ìlà náà ní ìrí V, kí ẹ fi bíi mílímítà 2 sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ fi fáìlì parí rẹ̀, nítorí òkúta gíráńdà máa ń ra kábọ́ọ̀nù dúdú inú kásì mọ́ ojú rẹ̀, níkẹ́ẹ̀lì kì í sì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wá fi iná gáàsì gbóná ibẹ̀ títí èéfín ọ́ìlì á fi tán. Kásì tó ti gba ọ́ìlì dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún ti mu ún yó, bí ẹ ò bá sì sun ún kúrò, iṣẹ́ yín á kún fún ihò wẹ́wẹ́. Ẹ jẹ́ kó tutù títí ọwọ́ á fi lè gbà á.

Ẹ de ilé náà mọ́ ilé kejì tó máa ń pàdé, tó ti ṣófo, tàbí mọ́ páànù irin tó nípọn, kí ojú rẹ̀ má bàa wọ́.

Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀dù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì pátá, ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún, rọ̀ ju èkejì lọ, ó sì ṣeé lu ihò sí. Èyí tó jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì ìdá 55, tí ìyókù rẹ̀ jẹ́ irin, lágbára jù, òun ni mo fẹ́ níbi tí ẹrù wà tàbí níbi tí ẹ fẹ́ so irin lásán mọ́ kásì. Ó wọ́n, ó wọ́n gan-an, àmọ́ méjì mẹ́ta sábà máa ń tó. Fún èyí tó jẹ́ mílímítà 2.5, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ámpíà 60 sí 80, kí ẹ sì tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

Ohun tó kù ni sùúrù, àwọn wẹ́dà tí iṣẹ́ pọ̀ níwájú wọn kì í sì í fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ihò tí ẹ lù, kí ẹ máa bọ̀ sí etí. Ẹ jó bíi mílímítà 25 péré, kí ẹ dúró. Kó tó tutù, ẹ fi orí òòlù kékeré tó rí roboto gbá a jẹ́jẹ́ káàkiri; bí níkẹ́ẹ̀lì ṣe ń súnkì tó fẹ́ fa kásì ya, òòlù yìí ló ń tẹ́ ẹ padà. Ẹ dúró títí ẹ ó fi lè gbé ọwọ́ lé e láìfa ọwọ́ kúrò. Ẹ bọ́ sí ibòmíràn, kí ẹ jó mílímítà 25 míì. Ìlà tó gùn bí ìka ọwọ́ méjì lè gba gbogbo ọ̀sán. Ẹ má da omi sí i, ẹ má fi fáànù fẹ́ ẹ. Èéfín níkẹ́ẹ̀lì kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, ìta ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ sì fi ìbòmú bo imú.

Bí etí bọ́ọ̀tì bá ti ṣẹ́ sọnù, ẹ gé òmíràn láti ara irin lásán, kí ẹ jẹ́ kó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀, ẹ jó o mọ́ ọn, kí ẹ tó lu ihò rẹ̀. Ẹni tó bá lu ihò ṣáájú kì í sábà bá a nípò tó yẹ.

Ẹ tún kẹrosíìnì àti ṣọ́ọ̀kì náà ṣe. Ẹ wá gbé rúlà irin lé ojú ibi tó máa pàdé ilé kejì. Bí fílà (irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) mílímítà 0.1 bá wọlé sábẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fá orí ẹ́ńjìnnì, wọn á tẹ́ ẹ.

Dídè é padà

Síìlì tuntun, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, bọ́ọ̀tì tuntun tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí. Àwọn bọ́ọ̀tì àtijọ́ ti nà. Ẹ má lò wọ́n nítorí pé wọ́n ṣì ń dán.

Bí ẹ bá ń ti apá ọkọ̀ méjèèjì pa pọ̀, ọwọ́ ni kí ẹ fi ti wọ́n títí ojú irin á fi kanra. Bí ó bá ku díẹ̀ tí kò wọlé mọ́, eyín ṣáfù, ọ̀pá irin tó ń gbé agbára lọ sínú gíà, kò tíì bọ́ sínú kílọ́ọ̀sì. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ tún tì í. Ẹni tó bá fi bọ́ọ̀tì fà wọ́n pọ̀ á ṣẹ́ etí tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, àti èyí tó wà níwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kanra, ẹ mú bọ́ọ̀tì le, láti ọ̀kan sí èyí tó dojú kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, díẹ̀díẹ̀, títí dé iye tí ìwé ọkọ̀ náà sọ.

Ẹ rọ irú ọ́ìlì tí ìwé náà dárúkọ. Ní ọ̀pọ̀ katakata kékeré, ọ́ìlì kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún gíà àti ìgbéga ẹ̀yìn, ọ́ìlì gíà mọ́tò lásán sì lè pọ̀jù ní nínípọn fún pọ́ǹpù rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wà á láìso nǹkan kan mọ́ ọn, kí ẹ jẹ́ kí gbogbo gíà gbóná, kí ẹ wo abẹ́. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá iṣẹ́, ẹ tún fi sípánà kan gbogbo bọ́ọ̀tì náà, kí ẹ tún un ṣe ní àádọ́ta wákàtí. Èyí tó bá yí nínú wọn, ẹ yọ ọ́, ẹ fọ okùn rẹ̀, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù bọ́ọ̀tì, èyí tí kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀tì tú, dì í.