Bí A Ṣe Lè Rí Ẹni Fẹ̀yìn Tì Nígbà Tí A Bá Ń Jáwọ́ Nínú Ọtí

Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti jáwọ́ nínú ọtí rí mọ̀ pé òwúrọ̀ kọ́ ni ìjà náà ń le. Ní òwúrọ̀, orí a máa fọ́ni, ojú a máa tini, ìpinnu a sì rọrùn láti ṣe. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń di ọ̀rọ̀, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ja díndín bá gbé epo kaná ní Lágere ní Ilé-Ifẹ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni níbi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí ibi tí a ti ń mu ún, tí ẹsẹ̀ sì ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Èmi náà ti rin ọ̀nà yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí mo ń kọ yìí wà fún ẹni tí ó ń gbé Ilé-Ifẹ̀ tàbí ìtòsí rẹ̀, tí ó ti pinnu, ṣùgbọ́n tí ó ń rí i pé ìpinnu nìkan kò tó. Ènìyàn ni ìrètí irú ẹni bẹ́ẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ ti wá ènìyàn náà sílẹ̀ kí aago mẹ́fà tó lù.

Dókítà ni ẹni àkọ́kọ́ tí a ó wá. Ẹni tí ó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọ́dọ̀ jí ní ọjọ́ kan kí ó sì dá a dúró lójijì láìsí àbójútó. Nígbà tí ọtí kò bá kúrò lára, ọpọlọ a máa sa gbogbo agbára láti ta kò ó, kí ènìyàn má baà máa tòògbé ṣáá. Bí a bá wá mú ọtí kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, agbára yẹn kò ní mọ̀ pé ẹni tí òun ń bá jà ti lọ. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n, tí òógùn ń boni, tí oorun ń dá lójú ẹni, ní nǹkan bí wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ife ìkẹyìn. Gìrì lè gbé ẹlòmíràn láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, àwọn kan a máa sọ kántankàntan, wọn a máa rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí, ara wọn a sì máa gbóná. Èyí lè gba ẹ̀mí ẹni tí a kò bá tọ́jú.

Ibí yìí gan-an ni àwọn ará ilé ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á ní ayé ti ń ṣe é, wọ́n á gbé e lọ sí ibi tí wọn yóò ti so ó mọ́lẹ̀, tí wọn yóò sì ní kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. N kò ta ko àdúrà, mo ń gbà á títí di òní. Ṣùgbọ́n ara ọ̀mùtí sábà máa ń ṣaláìní fítámì B1, ewu sì ni àìjẹun jẹ́ fún ọpọlọ rẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Dókítà ni yóò fún un ní fítámì náà pẹ̀lú oògùn tí ń mú ara rọlẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì máa gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ifẹ̀, ó ní ẹ̀ka tí ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, ara rẹ̀ náà sì ni Wesley Guild tí ó wà ní Iléṣà. Bí ẹ bá dé iwájú dókítà, ẹ má ṣe torí ìtìjú sọ iye tí ó dín sí èyí tí ẹ ń mu. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ìgò bíà, ife ògógóró, ọtí inú ọ̀rá, pàrágà àárọ̀ kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka pàrágà mọ́ ọtí. Wọ́n á ní oògùn jẹ̀díjẹ̀dí ni àwọn ń lò, tàbí ti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọtí líle ni wọ́n fi rẹ àwọn egbò igi inú rẹ̀, ohun tí ó sì ń pe ènìyàn padà sídìí ìyá alágbo ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kì í ṣe egbò igi. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà pàápàá bí ó bá kọ disulfiram, oògùn tí ń mú kí ara kọ ọtí, fún yín, nítorí pé ẹni tí ó ń lo oògùn yẹn, bí ó bá fẹnu kan ọtí díẹ̀, ìbáà jẹ́ inú àgbo ni ọtí náà wà, ojú rẹ̀ á pọ́n, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, yóò sì máa bì.

Ẹni kejì tí a ó wá ni ẹni tí ó ti wà nínú ọ̀fìn yìí rí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Bill Wilson wà ní ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio. Òwò tí ó bá lọ ti forí ṣánpọ́n, ó dá wà nínú hòtẹ́ẹ̀lì, ó sì ń gbọ́ ariwo àwọn tí ń mutí lọ́ọ̀ọ́kán. Oṣù mélòó kan péré ni ó tíì lò láì mutí. Dípò kí ó wọlé tọ̀ wọ́n lọ, ó dìde lọ sídìí tẹlifóònù, ó sì ń pe àwọn oníwàásù ìlú náà pé kí wọ́n bá òun wá ọ̀mùtí mìíràn tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Bob Smith, ni wọ́n mú un lọ bá. Dókítà náà ní ìṣẹ́jú 15 ni òun lè fún un. Wákàtí bíi mélòó kan ni wọ́n jọ fi sọ̀rọ̀. Láti ibẹ̀ ni Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mùtí tí ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́, ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í gba owó ìwọlé, wọn kì í béèrè ẹ̀sìn, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ènìyàn fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí. Ìpàdé wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, ẹni tí ó bá ní fóònù àti dátà lè jókòó ní yàrá rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́ kí ó sì gbọ́ ohùn àwọn tí wọ́n mọ ohun tí ń ṣe é. Kò pọn dandan kí ẹ sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Síbẹ̀, ẹ nílò ẹnì kan tí ó wà nítòsí tí ẹ lè fi ojú rí. Ẹ má ṣe yan ẹni tí ẹ jọ ń mu, bí ó ti wù kí ó fẹ́ràn yín tó. Ẹ má sì yan ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í dúró sí nínú. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n kan ní ilé ìjọsìn yín, tàbí aládùúgbò tí ó ti fi ọtí sílẹ̀ tipẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ìdí. Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ bá a, nígbà tí ojú ṣì dá, kí ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ ní ṣókí: "Ẹ̀gbọ́n, ọtí ti fẹ́ borí mi, mo sì ń gbìyànjú láti fi í sílẹ̀. Bí mo bá pè yín ní ìrọ̀lẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì bá mi wí. Ẹ kàn bá mi sọ̀rọ̀ títí ara mi yóò fi balẹ̀." Nígbà tí èmi sọ irú rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n kan tí ń tún mọ́tò ṣe, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Mo ti ń retí rẹ láti ọjọ́ yìí."

Ìdí tí ìdajì wákàtí ọ̀rọ̀ sísọ fi lè gbani là rèé. Ìjẹ̀ṣà ni mí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi òwò àwọn bàbá wa ṣàlàyé rẹ̀. Òṣómàáló a máa tà aṣọ láwìn, bí ọjọ́ bá pé, a lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, a sì ní òun kò ní jókòó títí òun yóò fi gba owó òun. Bẹ́ẹ̀ ni òǹgbẹ ọtí ń lóṣòó síni lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù òṣómàáló. Bí ẹ kò bá san ohun tí ó ń béèrè, lọ́pọ̀ ìgbà yóò ti máa rọlẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí. Nítorí náà, ohun tí a ń wá ni ohun tí yóò gba ìdajì wákàtí náà lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹun ní aago márùn-ún, nítorí ebi a máa pe òǹgbẹ. Ẹ gba ọ̀nà mìíràn délé, kódà bí ó bá jìn jù. Ẹ tú àpò àti dúrọ́ọ̀ yín wò fún ọtí inú ọ̀rá, èyí tí àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í gbógun tì ní oṣù Kejì ọdún 2024, nítorí ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ a máa sá pamọ́ de ọjọ́ ìbànújẹ́. Ẹ bá alájọ sọ ọ́ pé kí ó máa yà sọ́dọ̀ yín ní ìrọ̀lẹ́, kí owó tí ẹ̀ bá fi mutí bọ́ sínú káàdì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ti òde ṣíṣe ni ó le jù nílẹ̀ wa. Ìsìnkú tàbí ìsọmọlórúkọ tí ọtí kì í dé kò wọ́pọ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣàlàyé pé inú ń run òun tàbí pé òun ń lo oògùn yóò rí ẹni tí yóò ní ife kan kò lè pa á. Ohun tí mo fi ń dáhùn ni pé, "Èèwọ̀ mi ni." Ilé-Ifẹ̀ ni a wà, wọ́n mọ ìtàn pé ẹmu ni Ọbàtálá mu yó tí ó fi sùn, tí Odùduwà fi ṣe iṣẹ́ tí Olódùmarè rán an, àti pé títí di òní ẹmu jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn ọmọ Ọbàtálá. Àgbà kì í rọ ènìyàn láti jẹ èèwọ̀ rẹ̀. Kì í sì í ṣe irọ́, nítorí ohun tí ó lè pani bí a bá fẹnu kàn án, kí ni a tún fẹ́ pè é? Bí wọ́n bá ń gbé ọtí àdúrà kiri níbi ìsọmọlórúkọ, tí wọ́n ń wí pé ọtí kì í tí, ẹ ṣe àmín, kí ẹ sì gbé ife náà fún ẹni tí ó kàn. Ẹ lọ ní kùtùkùtù, ẹ fi owó sílẹ̀ fún ọmọ, kí ẹ sì kúrò kí orin tó gbóná.

Bí ẹ bá ṣubú ńkọ́? Bob Smith tí mo sọ níṣàájú ṣubú lẹ́yìn tí ó ti bá Wilson pàdé. Ó lọ sí ìpàdé àwọn dókítà ní ìlú mìíràn, ọtí sì ni ó mu bọ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, oṣù Kẹfà ọdún 1935 ni ó mu ìkẹyìn, kò sì fẹnu kàn án mọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1950. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ pe ẹni yín, kí ìtìjú tó fi ife kejì lọ̀ yín. Bí mímu náà bá ti di ti ọjọ́ púpọ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ padà sí kí ẹ tó tún dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ kù fún ìyàwó, ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n tí a bá pè ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe kọ́kọ́ béèrè iye tí ó mu, ẹ béèrè ibi tí ó wà. Bí kò bá jìnnà, ẹ lọ mú un wálé, ẹ fún un ní omi àti oúnjẹ, kí ẹ sì fi ìbáwí sílẹ̀ di ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí yóò lè gbọ́ ọ.